Ọdún Tí Gbogbo Ayé Dá Ẹgbẹ́ Olórin Sílẹ̀ ní Gàmbàrí

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí mo ṣì ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú, ọdún kan wà tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí orílẹ̀-èdè tí kò ní ẹgbẹ́ olórin ní àdúgbò wa ní Gàmbàrí. Mi ò parọ́. Jàmáíkà wà lẹ́yìn ṣáláńgá wa. Amẹ́ríkà wà lábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀gbẹ́ mọ́sálásí. Kóńgò wà ní agboolé tó kọjú sí tiwa, Íńdíà sì wà nínú ilé ìdáná ìyá mi, torí pé àwa la ni Íńdíà. Nínú gbogbo wa, ẹni tó rìnrìn àjò jù lọ ni ẹni tó ti dé Ọ̀fà rí, ó sì bì nínú ọkọ̀ kó tó débẹ̀.

Bọ̀dá Gàní ló fa gbogbo rẹ̀. Àbúrò bàbá mi ni, télọ̀ ni, ó sì ń gbé ní Tanke láàárín àwọn ọmọ yunifásítì. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá ń kó lọ, tí ẹrù pọ̀ jù fún un, á fi díẹ̀ sílẹ̀ fún Bọ̀dá Gàní. Bó ṣe gbé kásẹ́ẹ̀tì mẹ́rin wálé lọ́jọ́ kan nìyẹn, tí gbogbo ọmọ àdúgbò bò ó bí eṣinṣin. Ó kọ́kọ́ na kan sí wa, ó wá ju àwọn tó kù fún àwọn agboolé yòókù. Ó ní, "Ẹ gbà, kí n ráyè jẹ tùwó mi." Ẹni tí kásẹ́ẹ̀tì Jàmáíkà bọ́ sí lọ́wọ́ di ará Jàmáíkà lójú ẹsẹ̀. Kò sí físà, kò sí ẹni tó bi í ní ìbéèrè.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ ó rántí bí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń ràn. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹgbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti dúró. Ràímì tó jẹ́ olórí Jàmáíkà kọ̀ láti ya irun, ó ní kó lè lọ́ bí okùn. Ìyá rẹ̀ mú un láàárọ̀ Jímọ́ọ̀ kan, ó fá a kodoro. Síbẹ̀, bí Ràímì bá ń kọrin, á máa ju orí síwá sẹ́yìn bí ẹni pé irun ṣì wà níbẹ̀. Súlè, olórí Amẹ́ríkà, jí awò dúdú tí wọ́n fún bàbá rẹ̀ àgbà nílé ìwòsàn ojú. Ẹ̀ẹ̀mejì ló já sí gọ́tà nínú ijó. Gẹ̀ẹ́sì tó fi ń kọrin, ará Amẹ́ríkà kankan kò lè gbọ́ ọ, àwa náà kò gbọ́ ọ, òun alára kò mọ ohun tó ń wí. Ti Jímọ̀ ará Kóńgò ló wá burú. Ó kan pákó, ó fi wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́ bàbá rẹ̀ ṣe okùn gìtá. Ọjọ́ tí bàbá náà fẹ́ dúró lójú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ló mọ̀ pé Kóńgò ti wọ ilé òun.

Àwa obìnrin la ṣe Íńdíà. Sẹ̀níátù, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ni olórí, èmi ni onílù. A máa ń bu omi sínú bàsíà, a ó dojú igbá dé lé omi náà, a ó wá máa fi orógùn ìyá mi lù ú: bùm, bùm. Orógùn méjì ni mo dá, mo sì jẹ ìgbátí lórí ìkọ̀ọ̀kan. Ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, gbọ́ ìlù wa lọ́jọ́ kan, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní bí àwọn ṣe ń lù ú nìyẹn nígbà tí wọ́n gbé òun wọlé ọkọ. A ní, "Rárá o Ìyá, ìlù Íńdíà ni." Ó ní ó dáa, ká bá òun kí wọn níbẹ̀.

Ní gbogbo àkókò yìí, kéwú mi ń parí lọ. Àáfáà wa kì í fi ẹgba ṣeré. Ọjọ́ kan ni mo ń ké èyí tó wà lára wàláà mi, tí n kò mọ̀ pé ohùn orin Íńdíà ni mo gbé e sí. Kí n tó mọ̀, ẹgba ti bá mi lẹ́yìn. Ó ní, "Ilé kéwú nìyí, kì í ṣe ilé sinimá!" Ẹ̀yìn mi gbóná dalẹ́. Ṣùgbọ́n mo parí rẹ̀ náà, wọ́n sì dá ọjọ́ wòlímọ̀ mi, ayẹyẹ ìparí kéwú.

Kò sẹ́ni tó ń retí ọjọ́ náà bí Ìyá àgbà. Orúnkún rẹ̀ ti ń dùn ún tipẹ́, kò jó mọ́, kódà ìrun ló ń fi ìjókòó kí. Ṣùgbọ́n ó ti ṣèlérí pé òun á jó níbi wòlímọ̀ mi, bí orúnkún náà bá fẹ́ kó yọ. Láràárọ̀, lẹ́yìn tí mo bá ti gbé kókó gbígbóná fún un, èmi ni mo máa ń fi òrí pa á lẹ́sẹ̀. Á máa bá orúnkún sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bẹ ọmọ: "Ọjọ́ kan péré ni mo tọrọ lọ́wọ́ rẹ." Bàbá mi bẹ ẹgbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé kí wọ́n wá lù fún un. Àáfáà gbà, ṣùgbọ́n ó ní àárín ìrun alásárì sí mọ̀gàríbì nìkan ni. Bí ládàánì bá ti pe mọ̀gàríbì, òun kò fẹ́ gbọ́ ìlù kankan mọ́.

Ọjọ́ pé. Wọ́n wé láwàní fún mi, mo ké kéwú mi láìṣì, ìyá mi sunkún, a jẹ mọ́sà, a jẹ ẹran àgbò. Wọ́n kírun alásárì tán, Ìyá àgbà dìde, ó so ìró rẹ̀ ní ìlọ́po méjì, ó bọ́ sí àárín agbo. Bàbá mi wá la ẹnu, ó sọ gbólóhùn tó ba gbogbo ayé jẹ́. Ó ní, "Ó yá, ẹ̀yin olórin. Kí ẹgbẹ́ tó bá jẹ́ àgbà kọ́kọ́ lù."

Yéè! Ràímì ní Jàmáíkà làgbà, torí àwọn ló kọ́kọ́ lu kẹ́ẹ̀gì. Súlè ní irọ́ ni, Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ ní orúkọ. Jímọ̀ ní ẹni tí bàbá rẹ̀ já sí kòtò nítorí ẹgbẹ́ ni kí wọ́n bọ̀wọ̀ fún. Sẹ̀níátù ní ọwọ́ ta ni kásẹ́ẹ̀tì kọ́kọ́ bà? Àwọn òbí dá sí i, olúkúlùkù gbè sẹ́yìn orílẹ̀-èdè ọmọ tirẹ̀. Ni wọ́n bá ní kí Àáfáà dájọ́. Ó ka ìka ọwọ́ rẹ̀ títí, ó ní, "Ní ti kàlẹ́ńdà òyìnbó, ọdún kan náà la bí gbogbo yín. Ṣùgbọ́n ní ti Hìjírà, Jàmáíkà àti Íńdíà ti wà kí oṣù Mùhárámù tí ọdún fi ń bẹ̀rẹ̀ tó lé. Amẹ́ríkà àti Kóńgò, ọmọ ọdún tó tẹ̀lé e ni wọ́n." Ó rò pé òun ti parí ìjà. Ràímì ní kí Súlè dọ̀bálẹ̀ kí òun kó sì máa pe òun ní bọ̀dá. Súlè ní Amẹ́ríkà kì í wo oṣù ka ọdún. Ìjà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni.

Èmi ńkọ́, ọlọ́jọ́? Mo gun orí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú láwàní lórí, mo ń pariwo, "Àwa lẹ̀gbọ́n! Àwa lẹ̀gbọ́n!" Ibẹ̀ ni mo ti rí Ìyá àgbà. Ó ṣì dúró láàárín agbo, ó di òpó mú, òrí ń dán lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó ń sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá jẹ́ àbúrò náà, kó lù ú. Mo ti dìde." Mo gbọ́ ọ. Igbá mi wà nílẹ̀ níbẹ̀, omi wà nínú bàsíà. N kò sọ̀ kalẹ̀, torí pé bí Íńdíà bá lù láìjẹ́ pé wọ́n gbà pé òun làgbà, a ti gba ipò àbúrò nìyẹn.

Ládàánì pe ìrun. Gbogbo agbo dákẹ́, wọ́n lọ ṣe àlùwàlá. Ìyá àgbà rọra jókòó. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó fọwọ́ tún láwàní mi ṣe, ó ní, "Ṣé ẹ ti wá mọ àgbà báyìí?" Kí ọdún tó yí po, ì báà jẹ́ ti òyìnbó tàbí ti Hìjírà, ó ti kú.

Lónìí, gbogbo orin ayé wà nínú fóònù ọmọ mi obìnrin, ó sì fi wáyà há a sí etí òun nìkan. Nígbà tiwa, kásẹ́ẹ̀tì kan ni gbogbo agboolé ń gbọ́, tí a bá tilẹ̀ rí bátìrì. Àwa olórin àtijọ́ náà ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lórí Wọ́sáàpù. Orí Ràímì ti pá, kò nílò ìyá rẹ̀ mọ́ láti fá a. Súlè wà ní Amẹ́ríkà lóòótọ́, ibẹ̀ ló sì ti wá mọ Yorùbá sọ dáadáa. Kí lẹ rò pé à ń bá ara wa sọ? Ta ló kọ́kọ́ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ni! Wọ́n tilẹ̀ ti bẹ Àáfáà míì níṣẹ́.

Oṣù tó kọjá ni ọmọ mi ṣe wòlímọ̀ tirẹ̀. Mo gba onídùùrù kan pẹ̀lú gbohùngbohùn ńláńlá, òun àti olóòtú ètò wá ń bá ara wọn fa ọ̀rọ̀ nípa ẹni tí yóò kọ́kọ́ di máíìkì mú. Mo bojú wẹ̀yìn, mo rí ìyá mi, ẹni tí mo dá orógùn rẹ̀. Òun ni ìyá àgbà báyìí. Ó ti dìde, ó ń so ìró rẹ̀ ní ìlọ́po méjì.

Mo sáré wọ ilé ìdáná. Mo gbé bàsíà, mo bu omi, mo dojú igbá dé, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tèmi ti léèsì mi, mo lù ú. Ìyá mi jó. Kò pẹ́, ṣùgbọ́n ó jó.

Ẹnìkan ya fídíò rẹ̀, ó dé Wọ́sáàpù kí ilẹ̀ tó ṣú. Ràímì ló kọ́kọ́ fèsì: "Ta ló ní kí Íńdíà kọ́kọ́ lù?" Òrí wà lọ́wọ́ mi, orúnkún ìyá mi ni mò ń pa.