Akólòlò Tó Ń Polówó Tábẹ́là

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ ṣẹ́ẹ̀tì Tábẹ́là, ó tóbi débi pé èmi àti àbúrò mi lè jọ wọ inú rẹ̀. Pupa ni, wọ́n sì kọ orúkọ ọjà náà gàdàgbà síwájú àti sẹ́yìn. Mo we ìborùn pupa kó lè bá a mu, mo wá ń yan jáde nílé wa ní Ugwuaji, ní Enugu, bí ìyàwó tuntun. Bàbá mi, ọmọ Ọ̀fà tó ń ránṣọ, gbójú sókè láti ìdí ẹ̀rọ rẹ̀.

"Rísíkátù, ṣé wọ́n mọ̀ pé o máa ń kólòlò?"

"Wọn ò b-b-bi mí, Bàbá."

Òótọ́ sì ni. Nígbà tí wọ́n ń gbà wá síṣẹ́, wọ́n bi mí bóyá mo lè sebẹ̀, bóyá mo sì lè dúró láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́. Mo kàn mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ọkùnrin tó ń bi wá léèrè ní òun fẹ́ràn ọmọ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀. Ibi mẹ́ta ni wọ́n ti dá mi padà ṣáájú ìgbà yẹn, kìkì nítorí pé mo la ẹnu. Oṣù kan ni wọ́n máa fi dán mi wò. Bí mo bá fìdí rẹmi, ìdí ẹ̀rọ Bàbá ló kù, èmi tí n kò lè ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ kí n má gún ara mi.

Promótà ni wọ́n ń pe irú iṣẹ́ wa. Súpámáákẹ́ẹ̀tì kan ní Independence Layout ni wọ́n gbé tábìlì mi sí, pẹ̀lú ìkòkò ọbẹ̀ kékeré àti àwọn síbí ìtọ́wò. Tábẹ́là ni ohun tí mo ń polówó, èyí tí à ń rún sọ́bẹ̀ kó lè ta sánsán. Òfin méjì ló wà. Oníbàárà kò gbọdọ̀ kúrò lọ́dọ̀ mi kí n tó pe Tábẹ́là lẹ́ẹ̀mẹta. Ìkejì, n kò gbọdọ̀ pè é ní mágí, nítorí ọjà ẹlòmíràn nìyẹn.

Ẹ wá gbọ́ wàhálà! Gbogbo Enugu ló ń pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní mágí, ọ̀rọ̀ náà a sì máa jáde lẹ́nu mi geere. Tábẹ́là gan-an ni ahọ́n mi kọ̀. Màámi kò tiẹ̀ ràn mí lọ́wọ́. Mágí ló fi ń se ọbẹ̀ tí mò ń jẹ kí n tó lọ yin Tábẹ́là. Mo bẹ̀ ẹ́ títí kó pààrọ̀. Ó ní ọkọ òun ti mọ adùn ọbẹ̀ òun, òun ò ní torí iṣẹ́ oṣù kan da ilé òun rú.

Gẹ̀ẹ́sì àti pijin la máa ń sọ níbi iṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ bí ó ṣe yé mi. Oníbàárà mi àkọ́kọ́ wọ kóòtù. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ wá tọ́ Tá-tá-tá-tá..." Ó wò mí, ó wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ó ti jáde sójú títì kí n tó dé "là". Inú bí mi, mo fi ariwo ta: "Mágí tuntun rèé o!" Bí mo ṣe máa gbójú sókè, Màdáàmù Ifeoma, súpávaísọ̀ wa, ló dúró níwájú mi.

"Rísíkátù! Ta ló gbà ẹ́ síṣẹ́, àwa ni àbí àwọn onímágí?"

Ìwé ìkìlọ̀ kìíní nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ kejì, mo tún gba èkejì lórí ẹ̀sùn kan náà. Ẹ̀kẹta, ilé ni.

Àǹtí Peace tó ń polówó mílíìkì nídìí tábìlì kejì ló ṣàánú mi. "Nne, ìyá mi, má sáré," ó ní. "Kọ́kọ́ fún wọn ní ọbẹ̀. Ẹni tí síbí ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ ò lè sá fún ẹ."

Mo gbìyànjú rẹ̀ lára ìyá àgbà kan tó mú ọmọ-ọmọ méjì wá. "Màmá, èyí ni Tá-tá-tá..."

"Tábẹ́là!" ni àwọn ọmọ náà bá mi parí rẹ̀. Wọ́n ti kà á lára ṣẹ́ẹ̀tì mi. Mo tún bẹ̀rẹ̀, ìyá àgbà náà bá wọn dá sí i. Páálí méjì ni wọ́n gbé lọ, tí àwọn ọmọ ń pariwo Tábẹ́là káàkiri. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, èmi á bẹ̀rẹ̀, oníbàárà á parí. Ọjà ń tà wàràwàrà. Inú mi dùn, ó sì tún ń dùn mí, nítorí ẹ̀rín ni gbogbo wọn ń fi mí rín.

Lọ́jọ́ tí oṣù mi pé, ọ̀gá kan wá láti Èkó. Ó dúró síbi tí wọ́n to ìrẹsì sí, ó ń wò mí. Ó pàtẹ́wọ́.

"Màdáàmù, ọgbọ́n ńlá lẹ kọ́ ọmọ yìí! Láti ọjọ́ Ajé, gbogbo promótà wa ni kó máa ṣe bẹ́ẹ̀. Tá-tá-tá!"

Màdáàmù Ifeoma yíjú sí mi. Àǹtí Peace ń fi ojú sọ fún mi pé kí n dákẹ́, iṣẹ́ ti bọ́ sí mi lọ́wọ́. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ro gbogbo ọmọbìnrin tó máa wọ ṣẹ́ẹ̀tì pupa láti GRA dé Ugwuaji, tí wọ́n á máa sín ẹnu mi jẹ kí àwọn èèyàn lè rẹ́rìn-ín. Mo gbé síbí ọwọ́ mi kalẹ̀.

"Ẹ j-j-jọ̀ọ́ sà. K-k-kì í ṣe ọgbọ́n. B-b-bí ẹnu mi ṣe rí nìyẹn. Ẹ m-m-má kọ́ wọn ní t-t-t..."

Ọ̀gá náà la ẹnu láti bá mi parí rẹ̀. Màdáàmù Ifeoma na ọwọ́ síwájú rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ tán."

Gbogbo wọn dákẹ́. Ó pẹ́ o. "...tèmi, sà," ni mo parí rẹ̀ fúnra mi.

Ojú ti ọ̀gá. "Má bínú," ó ní. "Eré ni mo pè é." Ó yíjú sí Màdáàmù. "Ṣé ẹ máa gbà á síṣẹ́ pátápátá?"

"Mo ti gbà á tipẹ́."

Ó ní òun ò rí àwọn ìwé ìkìlọ̀ méjèèjì mọ́, obìnrin tí kì í sọ bébà nù.

Lónìí, èmi ni mò ń kọ́ àwọn promótà tuntun. Ìyá Tábẹ́là làwọn obìnrin mọ́sálásí wa ń pè mí, bẹ́ẹ̀ n kò tíì bímọ. Mo ṣì ń kólòlò. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, àwọn ọmọ tuntun a máa sáré bá mi parí rẹ̀. Mi ò bá wọn jà. Màá ká ọwọ́ gbera, màá wò wọ́n, màá sì tún un bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí gbogbo wọn bá dákẹ́, tí wọ́n dúró dè mí títí mo fi sọ ọ́ tán, ìgbà yẹn ni mo máa ń sọ fún wọn pé ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ ti parí.