Akọ̀wé Ìran Àbúrò Mi

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé létí òkun Eléko, yanrìn ni ilẹ̀, yanrìn ni ọ̀nà, yanrìn náà la sì ń jẹ mọ́ ọbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ gbatẹ́gùn níbẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀ báyìí, tí ẹ ń rí àwọn hòtẹ́ẹ̀lì kéékèèké tí wọ́n kùn lọ́dà, ẹ má rò pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà. Imọ̀ àgbọn la fi ṣe ògiri ilé wa. Bàbá mi ń bá wọn fa àwọ̀n, ìyá mi ń yan ẹja, èmi àti àbúrò mi obìnrin ló ń ṣa èèpo àgbọn tí ìyá wa fi ń dáná. Bí àwọ̀n bá gbé ẹja wá, a jẹun. Bí kò bá gbé nǹkan kan wá, a mu omi àgbọn, a sì lọ sùn.

Ọdún méjì ni mo fi ju àbúrò mi yìí lọ. Àwọn ènìyàn rò pé orogún nìkan ló ni owú. Èmi ti ń jowú kí n tó mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ọkọ, àbúrò mi yìí gan-an ni mo sì ń jowú. N kò ní fi pa mọ́ fún yín, mo ti dàgbà kọjá ẹni tó ń ṣojú ayé.

Ìjọ aláṣọ funfun ni àwọn òbí wa ń lọ. Àbúrò mi kò ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ nígbà tí ẹ̀mí kọ́kọ́ gbé e. Àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi ni, a ń kọrin lọ́wọ́, ló bá ṣubú sórí yanrìn, ó ń gbọ̀n, ó ń sọ pé kí bàbá apẹja kan tó dúró nítòsí má ṣe wọ inú òkun lọ́la. Bàbá náà kò lọ. Lọ́jọ́ kejì, ìgbì dojú ọkọ̀ méjì dé. Láti ọjọ́ náà, àbúrò mi kì í ṣe ọmọdé mọ́. Ìyá mi kò rán an lọ pọn omi mọ́. Orí ẹja, tí bàbá mi nìkan ń jẹ tẹ́lẹ̀, di tirẹ̀. Àwọn ọkùnrin onírùngbọ̀n ń kúnlẹ̀ níwájú ọmọ tí mo ṣì ń bá nu imú. Bí àwa méjèèjì bá ń lọ lọ́nà, wọ́n á ní, “Ìyá Aríran, ẹ káàárọ̀ o.” Lẹ́yìn náà ni wọ́n á yíjú sí mi pé, “Ìwọ náà ńkọ́?”

Èmi náà gbìyànjú o. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, bí orin ṣe gbóná, mo ṣubú lulẹ̀, mo yí gbirigbiri, mo gbọ̀n títí òógùn fi bò mí. Ìyá mi ló fà mí dìde lápá. “Dìde ńlẹ̀,” ó ní, “o ń ba aṣọ jẹ́. Ta ló máa fọ̀ ọ́?” Gbogbo àwọn tó wà nítòsí ló rẹ́rìn-ín, àbúrò mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, èyí tó tún bí mi nínú ju ẹ̀rín wọn lọ.

Ẹ̀bùn tèmi, bí a bá fẹ́ pè é ní ẹ̀bùn, ni pé mo mọ̀wé kọ. Mo ti dé ìwé kẹrin kí nǹkan tó le fún wa tí mo fi kúrò nílé ẹ̀kọ́. Kò sí ọjọ́ kan tí n kò ronú ilé ẹ̀kọ́ náà. Ìwé ìròyìn àtijọ́ tí wọ́n fi wé ẹja pàápàá, mo máa ń tẹ́ ẹ sílẹ̀, kí n nu òróró kúrò lára rẹ̀, kí n sì kà á títí ilẹ̀ á fi ṣú. Nínú ìjọ wa nígbà náà, ẹni tó bá wà nínú ẹ̀mí kì í mọ ohun tó sọ. Bó bá ti jí, ó ti gbàgbé. Ìdí nìyẹn tí akọ̀wé fi gbọ́dọ̀ jókòó tì í, kó gbé etí sí i lẹ́nu, nítorí àwọn yòókù kì í dákẹ́ orin. Lẹ́yìn náà, akọ̀wé á dìde, á ka ohun tó kọ fún gbogbo ìjọ. Ohun tó bá wà nínú ìwé ni Ẹ̀mí wí, kò sí ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò. Olùṣọ́-àgùntàn ìjọ wa fún mi ní pẹ́ńsù àti ìwé, ó ní kí n máa kọ ọ̀rọ̀ àbúrò mi. Mo kọ́kọ́ yọ̀. Kò pẹ́ tí mo fi rí i pé òun ni wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, èmi ni yanrìn ń kó sí lójú.

Ọdún tí mo pé mẹ́tàlá ni obìnrin kan wá láti Èkó. Ìjọ kan náà la jọ ń ṣe, aṣọ ló ń tà, kò sì bímọ. Ó ti gbọ́ ìròyìn ọmọ tó ń ríran. Ó jókòó sórí ẹní ìyá mi, ó ní òun fẹ́ mú ọmọ kan lọ, òun á fi sílé ẹ̀kọ́, òun á sì tọ́ ọ bí ọmọ òun. Ọmọ kan ló wí, kò sì dárúkọ, ṣùgbọ́n ẹ mọ ẹni tó ń wò. Ọkàn mi fà sí ilé ẹ̀kọ́ náà gan-an. Ìyá mi kò fẹ́ fi ẹnu ara rẹ̀ yàn láàrin ọmọ méjì. Ó ní, “Ẹ jẹ́ ká bi Ẹ̀mí.” Bó ṣe di pé ẹnu àbúrò mi náà ni wọ́n fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ayé mi nìyẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, a pé sórí ilẹ̀ àánú, ibi tí ìjọ wa ti ń gbàdúrà lórí yanrìn. Wọ́n kọrin, wọ́n pàtẹ́wọ́, àbúrò mi ṣubú. Mo bẹ̀rẹ̀, mo gbé etí sí i lẹ́nu. Ohùn rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ dáadáa. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló sọ ọ́: “Àwa méjèèjì ni. Kó mú àwa méjèèjì lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ò gbọdọ̀ ṣẹ́kù.”

Ẹ ó bi mí pé, ṣebí ìyẹn náà dáa? Ó dáa. Obìnrin náà ì bá sì gbà, torí kì í ṣe ẹni tó ń ṣe lòdì sí ọ̀rọ̀ Ẹ̀mí. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe di pẹ́ńsù mú, mo rí i bí yóò ṣe rí: a ó jọ dé Èkó, wọn ó jọ máa kí wa, òun ni wọn ó kọ́kọ́ kí. N kò fẹ́ Èkó nìkan. Ibi tí àbúrò mi kò sí ni mo fẹ́. Mo bá kọ ọ́ pé: *Kí ẹ̀gbọ́n lọ. Kí aríran dúró ti ìjọ.* Mo dìde, mo kà á sókè, ohùn mi kò gbọ̀n rárá. Àbúrò mi ń gbọn yanrìn kúrò lára aṣọ rẹ̀, ó ń gbọ́ ọ bí àwọn yòókù ṣe ń gbọ́ ọ. Obìnrin náà fa ojú ro, ṣùgbọ́n ó gbà. Àbúrò mi ló ru ẹrù mi dé etí ọ̀sà níbi tí a ti wọ ọkọ̀. Ó ń juwọ́ sí mi títí n kò fi rí i mọ́.

Mo kàwé. Mo di olùkọ́, mo lọ́kọ, mo bímọ, mo sì ń gbé ní Thomas Estate ní Èkó lónìí. Àbúrò mi kò kúrò ní Eléko. Kò mọ lẹ́tà kan. Ẹ ó rò pé owú mi ti tán. Rárá o. Nígbà tí ìyá wa ń kú lọ, ọwọ́ àbúrò mi ló dì mú. Àwọn ọmọ mi, tí mo fi omi ojú tọ́, òun ni wọ́n ń pè bí nǹkan bá ṣe wọ́n. Mo gba ohun tó yẹ kí a jọ ní, mo sì tún ń jowú ìyókù tó kù sí i lọ́wọ́.

Níbi àjọ̀dún ìjọ tó kọjá, mo lọ kí i. Àwọn tírélà tó ń lọ sí èbúté ńlá ti gba gbogbo ọ̀nà, ọ̀sán ti pọ́n kí n tó dé. Bíríkì ni wọ́n fi kọ́ ilé ìjọsìn báyìí. Ẹ̀mí gbé ọmọbìnrin kan, ọ̀dọ́ kan sì sáré gbé fóònù sí i lẹ́nu. Mo bi í pé ìwé dà. Ó ní, “Màmá, a ò kí ń kọ ọ́ mọ́ o. Ó ti ń rẹ̀kọ́ọ̀dù. Tó bá jí, òun náà á gbọ́ ohùn ara ẹ̀.”

Àbúrò mi tó jókòó tì mí gbọ́ ọ, ó sì rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a jókòó láti jẹun, àwa méjì péré, ó bi mí ní ohun tí kò bi mí rí: “Ẹ̀gbọ́n mi, ọjọ́ ọ̀rọ̀ Èkó yẹn, kí ni mo sọ gan-an?”

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Tèmi ti lé ní àádọ́ta ọdún, ó sì ti rẹ̀ mí. Mo sọ fún un.

“Àwa méjèèjì?” ó ní.

“Ẹ̀ẹ̀mẹta lo sọ ọ́.”

“Ẹnu ara mi ni mo ti ń bínú sí láti ìgbà yẹn,” ó ní. “Mo rò pé èmi ni mo fi ẹnu ara mi ti ara mi mọ́ ibí.” Kò ṣépè, kò sunkún. Ó yọ egungun ẹja, ó sì fi ẹran rẹ̀ sínú àwo mi, bó ṣe máa ń ṣe láti ìgbà tí ojú mi kò ti ríran dáadáa mọ́. Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n bí mo ṣe jókòó síbẹ̀, mo jowú ọkàn tó lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ayé ti yí padà, ẹ̀yin ọmọ mi. Kò sí ẹnì kankan tó ń dúró sí àárín ẹnu ọmọdé àti etí ìjọ mọ́. Ẹni tó sọ̀rọ̀ lè gbọ́ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Mo bá àwọn ọmọ náà yọ̀. Ká ní irú rẹ̀ wà lọ́jọ́ náà, àwa méjèèjì ni à bá jọ wọ ọkọ̀.

Àbúrò mi ṣì ń pè mí lórí fóònù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó ń bèèrè oògùn mi, ó ń bèèrè àwọn ọmọ, kò sì mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ náà mọ́. Àmọ́ kò pè mí ní “ẹ̀gbọ́n mi” mọ́. “Màmá” ló ń pè mí báyìí, bí gbogbo ayé ṣe ń pè mí.