Òdòdó Etí Àbàtà Tí Mo Gbàgbé Orúkọ Rẹ̀

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí ẹ̀yìnkùlé wa ní Ọ̀tà ṣì jẹ́ àbàtà títí dé etí odò, ìyá ìyá mi ló ń tọ́ mi. Gaàrí ni wọ́n ń yan tà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, iná jó wọn lọ́wọ́ nídìí agbada, wọ́n ní kí n sáré lọ já òdòdó kan wá ní àbàtà, èyí tó ní àwọ̀ ojú ọ̀run. Ẹ̀yin ọmọ mi, eré ni mo bá lọ! Àkèré ni èmi àti àwọn ọmọ àdúgbò ń lé kiri. Kí n tó rántí iṣẹ́ tí wọ́n rán mi, oòrùn ti kàn wá lórí. Òdòdó aláwọ̀ ojú ọ̀run tí mo kọ́kọ́ rí ni mo já. Màmá fún omi rẹ̀ sójú egbò náà, ni wọ́n bá figbe ta.

Wọn ò nà mí. Lọ́jọ́ kejì, kí ìrì tó gbẹ, wọ́n mú mi lọ síbẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ tí wọ́n fi aṣọ dì.

"Èyí gan-an nìyí. Tó bá di ọ̀sán, á ti padé. Wo ewé tó ká mọ́ ọn nísàlẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ tó bu omi. Tẹ̀ ẹ́."

Mo tẹ̀ ẹ́, omi tó ń yọ̀ bí ilá dà sí mi lọ́wọ́. Wọ́n pe orúkọ rẹ̀, wọ́n ní kí n pè é lẹ́ẹ̀mẹta. Mo pè é.

Ilé iṣẹ́ ló wà níbẹ̀ báyìí. Bọ́ọ̀sì àwọn òṣìṣẹ́ ní ń jí mi. Àwọn tí a jọ lé àkèré ti lọ tán pátá, ó ku èmi nìkan. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ ọmọ mi obìnrin wá kí mi láti Agbára, a jọ gba ẹ̀gbẹ́ ògiri ilé iṣẹ́ náà. Mo rí òdòdó aláwọ̀ ojú ọ̀run kan létí gọ́tà. Tòun ti orúnkún tó ń ro mí, mo bẹ̀rẹ̀, mo wo ewé rẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́. Òun ni! Mo lanu kí n pè é fún ọmọ náà, orúkọ ò wá.

Ó ya fọ́tò rẹ̀. "Màmá, fóònù ti bá yín mọ̀ ọ́n o!" Ó ka orúkọ òyìnbó kan tó gùn gbọọrọ. Mo ní ó ṣeun. Àmọ́ ó dùn mí, n kò ní purọ́ fún yín.

Ayé yín dára, ẹ kì í wá ẹni tí ẹ ó bi léèrè tì. Èmi ò rẹ́ni bi mọ́. Láràárọ̀, kí ìrì tó gbẹ, mo máa ń lọ dúró tì í, bóyá orúkọ náà á bọ́ sí mi lẹ́nu. Tó bá di ọ̀sán, òdòdó á padé, èmi náà á sì wọlé.