Kókó Ọmú Tí Mo Pè Ní Wàrà

Ìyàwó mi ń wẹ̀ lẹ́yìnkùlé wa n'Ìrókò nígbà tó pè mí. "Bàbá Tọ́lá, ẹ wá fọwọ́ kan ibí." Kókó kan wà nínú ọmú òsì rẹ̀, ó le bí ekùrọ́, kò sì dùn ún rárá. Kò tíì pé oṣù kan tó já Tọ́lá lẹ́nu ọmú. Mo ní, "Wàrà ló dì síbẹ̀." Èmi tí mi ò fún ọmọ lọ́mú rí láyé mi!

Wòlíì ìjọ wa gbàdúrà sí òróró, wọ́n ní ká fi ra á fún ọjọ́ méje. Ọjọ́ méje di oṣù mẹ́rin. Àràárọ̀ ni mò ń ra á, tí mò ń kọrin ẹ̀mí sí i. Nígbà tó yá, awọ ibẹ̀ hunjọ bí èèpo ọsàn, kókó mìíràn sì yọ lábíyá. Ẹ̀rù bà mí, mo sì gbé e lọ sí Ìbàdàn.

Nílé ìwòsàn níbẹ̀, wọ́n gé díẹ̀ nínú kókó náà lọ yẹ̀ wò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi retí èsì. Jẹjẹrẹ ọmú ni.

Mo bi dókítà bóyá ọwọ́ tí mo fi ń ra á ló mú kó tàn ká. Obìnrin ni, kì í fọ̀rọ̀ bò. "Ọwọ́ yín kọ́. Oṣù mẹ́rin tẹ́ ẹ fi dúró ni." Ó ṣàlàyé pé àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà nínú ara tó ń hun fọ́nrán, àwọn ló ń di ojú ọgbẹ́ pọ̀ tó fi ń di àpá. Jẹjẹrẹ ń tàn wọ́n jẹ. Wọ́n á rò pé ọgbẹ́ ni, wọ́n á máa hun fọ́nrán yí i ká, ìdí nìyẹn tó fi le. Wọ́n á máa ràn án lọ́wọ́ láti dàgbà, wọ́n á sì la ọ̀nà fún un lọ síbòmíràn.

Ara ìyàwó mi ń ṣaájò ọ̀tá, ó rò pé òun ń ṣe rere. Èmi náà ńkọ́?

Oògùn tí wọ́n ń fà sí i lára mú kí irun rẹ̀ re, ó sì sọ ẹnu rẹ̀ di kíkorò. Tó bá ń bì, èmi a di abọ́ mú. Ìyẹn nìkan ni mo mọ̀ ọ́n ṣe. Wọ́n gé ọmú náà kúrò níkẹyìn.

Ojú iṣẹ́ abẹ ti jinná báyìí, àpá gbọọrọ ló kù. Irú sẹ́ẹ̀lì tí jẹjẹrẹ tàn jẹ yẹn náà ló dì í. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, Olúwa gbọ́, àmọ́ mi ò fọkàn tán wọn. Àyẹ̀wò tó kẹ́yìn ò rí nǹkan kan. Síbẹ̀, dókítà ní ká máa bọ̀ lóṣù mẹ́ta mẹ́ta.

Lánàá, ìyàwó mi bi mí pé, "Ṣé ó ti lọ pátápátá?"

Omi lé sí mi lójú. Mo ní, "Mi ò mọ̀."

Ó mí kanlẹ̀, ó di ọwọ́ mi mú. "Ẹ ṣeun. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tẹ́ ẹ máa sọ bẹ́ẹ̀ fún mi."