Ọkọ̀ Tí Oyèwùmí Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Tẹ̀ Rì

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí ìjì ńlá jà lọ́dún 1987, gbogbo ọlọ́kọ̀ tó wà létí odò Ọ̀ṣun lẹ́yìn Ìkirè ló ń sá kiri, tí wọ́n ń wá okùn tí wọ́n máa fi so ọkọ̀ wọn mọ́ igi. Barnabas Oyèwùmí nìkan ni kò wá okùn. Òkúta ló ń wá. Ó ń gbé e lọ́kọ̀ọ̀kan láti bèbè, ó ń tò ó sínú ọkọ̀ rẹ̀, ọkọ̀ náà sì ń wọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Làtífù, àgbẹ̀ kòkó tí oko rẹ̀ wà ní òdìkejì odò, fi kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti igi, ó ń wò ó. Bí Làtífù bá rí ohun tí kò yé e, ara rẹ̀ kì í balẹ̀ títí yóò fi bèèrè.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Ilé ta lẹ fẹ́ lọ kọ́ lódìkejì?"

"N ò kọ́lé. Mo fẹ́ kí ọkọ̀ mi rì ni."

"Ọkọ̀ yín? Kí ló ṣe é?"

"Kò ṣe nǹkan kan. Ìjì ló ń bọ̀."

"Ìjì ń bọ̀ wá tẹ̀ ẹ́ rì, ẹ̀yin wá ní kẹ́ ẹ bá a ṣe é sílẹ̀?"

Gbogbo èèyàn tó wà létí odò bú sẹ́rìn-ín. Oyèwùmí kò wojú ẹnikẹ́ni. Ó gbé òkúta tó kẹ́yìn sílẹ̀, ó bu omi agolo mélòó kan sínú ọkọ̀, ọkọ̀ náà mí kanlẹ̀, ó sì lọ jókòó sísàlẹ̀ odò, níbi tí omi kò ti ju àyà èèyàn lọ. Ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò. "Làtífù, ohun tó bá ti rì, kò sí ìjì tó lè tẹ̀ ẹ́ rì mọ́."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, nínú ọkọ̀ mẹ́rin tí wọ́n so mọ́lẹ̀, ọ̀kan ti là sí méjì, ọ̀kan há sórí igi bí aṣọ tí wọ́n sá, wọn ò sì gbúròó méjì yòókù títí dòní. Ní ọjọ́ kẹta tí omi fà, Oyèwùmí wọ odò, ó kó òkúta rẹ̀ jáde, ó gbọ́n omi dànù, ọkọ̀ sì léfòó bí ẹni tó jí lójú oorun ọ̀sán. Gbogbo ẹni tó fẹ́ sọdá lọ́jọ́ náà ló bi léèrè pé, "Ṣé ìwọ náà rẹ́rìn-ín?" Ẹni tó bá rẹ́rìn-ín, ìdí ọkọ̀ ló ń jókòó sí, níbi tí omi ti ń jò síni lára.

Ọmọ Àpòmù ni Oyèwùmí, káfíńtà ni, Aládùúrà sì ni. Ní kékeré, ó kọ́ṣẹ́ ọkọ̀ ní Ẹ̀pẹ́, níbi tí omi ọ̀sà ti ń wú tó sì ń fà lójoojúmọ́. Nígbà tó padà wálé, ó ní òun kò rí odò kankan ní agbègbè yìí, ẹ̀rọ̀fọ̀ tó ń rìn lòun rí. Síbẹ̀, bí òjò bá ṣú, òun ló máa ń kọ́kọ́ sáré lọ wo odò, àní bó bá tiẹ̀ wọ sùtánà funfun lọ́wọ́ ìsìn.

Ohun tí kò yé Làtífù ni bí okùn ṣe ń pa ọkọ̀. Ó bi í.

"Ewúrẹ́ rẹ tó wà nílé," ni Oyèwùmí wí, "bí o bá so ó mọ́ èèkàn ní kúkúrú, tí omi wá dé ọrùn rẹ̀ ńkọ́?"

"Á kú ni."

"Bí okùn rẹ̀ bá gùn?"

"Á máa lúwẹ̀ẹ́ títí omi á fi fà."

"O ti gbọ́n. Omi ń gòkè, okùn kúkúrú ń fa ọkọ̀ sísàlẹ̀. Kí lo rò pé ó máa ṣẹlẹ̀?"

Inú Làtífù dùn. Nígbà tó délé, ó fi gígùn kún okùn ewúrẹ́ rẹ̀, ewúrẹ́ náà sì jẹ gbogbo èlùbọ́ tí Àṣíáwù ìyàwó rẹ̀ sá. Àṣíáwù ò gbọ́ àlàyé kankan nípa omi.

Okùn tí Oyèwùmí fúnra rẹ̀ ń lò láwọn ọjọ́ tí kò sí ìjì, ẹjọ́ ńlá ni. Ó lọ sí ìsọ̀ Salome tó ń ta okùn ní ọjà Ìkirè, ó ki okùn tuntun bọ inú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi, ó jókòó tì í, ó ń jẹ dòdò.

"Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ rà á ni àbí ẹ fẹ́ sè é?"

"Okùn tí kò tíì wọmi, òpùrọ́ ni."

Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, ó yọ ọ́, ó fi gbogbo agbára fà á, kò já. "Ó dáa," ló wí. "N óò padà wá lọ́la wá wò ó bó bá gbẹ." Salome kúkú fi okùn náà ta á lọ́rẹ, kó ṣáà ti kúrò níwájú ìsọ̀ òun.

Àwọn òkúta náà ńkọ́? Ó tò wọ́n jọ sí bèbè, ó fi ọ̀dà funfun kọ orúkọ ẹni tó rẹ́rìn-ín lọ́dún 1987 sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lára. Èyí tó tóbi jù ni "Làtífù".

"Bàbá, kí ló dé tó jẹ́ èmi ni mo tóbi jù?"

"Ìwọ ló ń bèèrè ọ̀rọ̀ jù. Ìbéèrè wúwo."

Nígbà tí àwọn ọlọ́kọ̀ yòókù ti ní ọkọ̀ tuntun, wọ́n gbìyànjú ọgbọ́n náà lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ru òkúta títí ẹ̀yìn fi ro wọ́n, òjò kò kán. Ojú tì wọ́n, wọ́n padà sídìí okùn. Ìjì ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà kó tiwọn lọ, ó wá ku ọkọ̀ Oyèwùmí nìkan fún gbogbo àwọn tó ní oko lódìkejì.

Lọ́dún 1993, àìsàn dá a dùbúlẹ̀ ní Àpòmù. Ó sọ fún Adéfúnkẹ́ ọmọ rẹ̀ pé Làtífù ni kí wọ́n fún ní ọkọ̀. Làtífù jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ń wá bó ṣe máa dúpẹ́, ìbéèrè ló jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Bàbá, kì í ṣe gbogbo òjò lẹ ń torí ẹ̀ ru òkúta. Báwo lẹ ṣe ń mọ ọjọ́ tó yẹ?"

Oyèwùmí rẹ́rìn-ín tí kò ní ohùn. "Ọjọ́ tí ẹ̀rù tó ń bà ẹ́ bá ju ojú tó ń tì ẹ́ lọ."

Ọjọ́ náà dé lẹ́yìn ikú Oyèwùmí, ní oṣù kẹwàá ọdún 1995, nígbà tí kòkó ń jáde. Àpò kòkó kún bèbè òdìkejì, àwọn olóko ń dúró, ọ̀run sì ṣú díẹ̀ ní apá ìlà-oòrùn, díẹ̀ péré. Làtífù wo omi, ó wo àwọn èèyàn. Bí òjò kò bá rọ̀, ìtìjú kò ní jẹ́ kó lè gba ọjà kọjá mọ́. Bí ìjì bá jà tí ọkọ̀ lọ, kòkó ọdún náà á jẹrà lódìkejì.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé òkúta.

"Ẹ̀mí Bàbá ti gun Bọ̀ọ̀dá Làtífù o!" ni Dúrótìmí tó ń fi alùpùpù gbé kòkó kígbe. "Bọ̀ọ̀dá, ilé ta lẹ fẹ́ lọ kọ́?"

Ẹ̀rín sọ. Làtífù kò wojú ẹnikẹ́ni. Nígbà tó gbé òkúta tó jẹ́ orúkọ tirẹ̀, ó rí òkúta kékeré kan lábẹ́ rẹ̀ tí kò rí rí. "Barnabas" ni wọ́n kọ sí i lára. Kò ráyè bèèrè. Ó jù ú sínú ọkọ̀, ó bu omi sí i, ọkọ̀ sì rì.

Kí ó tó dé ilé, atẹ́gùn ti ṣí páànù mẹ́ta lórí ilé rẹ̀. Òjò rọ̀ fún ọjọ́ méjì. Nígbà tí omi fà, odò ti ru igi ńláńlá lọ, bèbè ti wó, ṣùgbọ́n ọkọ̀ Oyèwùmí jókòó sí ibi tó wà. Kòkó sọdá, kò ku àpò kan.

Adéfúnkẹ́ ló sọ ọ̀rọ̀ òkúta kékeré náà fún un. "Bàbá ní nígbà tí ọ̀gá àwọn ní Ẹ̀pẹ́ tẹ ọkọ̀ tirẹ̀ rì, òun gan-an ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín."

Làtífù kó gbogbo òkúta yòókù padà sí bèbè, ó fi ìyẹn sílẹ̀ nídìí ọkọ̀. Omi ń jò sí i lára lójoojúmọ́. Bí èrò tuntun bá fẹ́ fẹsẹ̀ tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó bi í pé kí ni òkúta ń ṣe nínú ọkọ̀, Làtífù á rọra dáhùn pé:

"Ẹ sún fún un díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Èrò ni. Òun náà rẹ́rìn-ín."