Ẹsẹ̀ Méjìlá fún Ẹní Màámi

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí orí mi kò tíì dé èjìká Màámi, ẹsẹ̀ mi ti gùn ju tiẹ̀ lọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ẹ mọ̀ pé bàtà kò sí fún ọ̀pọ̀ wa nígbà náà. Iyanrìn etí òkun Badagry ló ń tẹ ẹsẹ̀ wa fẹ̀. Ọ̀dọ̀ bàbá mi, tó jẹ́ apẹja, ni mo sì ti jogún gígùn rẹ̀. Àwọn ọmọ àdúgbò ń pè mí ní Ẹlẹ́sẹ̀-ọkọ̀, wọ́n ní ènìyàn méjì lè wọ ọ̀kan kọjá ọ̀sà. N óò sunkún díẹ̀, lẹ́yìn náà n óò fi ẹsẹ̀ ọ̀hún lé wọn bá.

Ayé ìjọba ológun ni, ayé ọ̀wọ́n gógó. À ń tò fún ṣúgà, à ń tò fún ọṣẹ. Ẹ̀bà àti ata gígún la ń jẹ, pẹ̀lú ẹja tó kéré débi pé egungun rẹ̀ kò tíì le, a sì ń lá àwo tán.

Ẹní ni Màámi ń tà, Ikoga ló ti ń rà á wá. Ẹní tí a ká jọ, kò sẹ́ni tó ń bi wá ní iye rẹ̀. Oníbàárà fẹ́ rí i ní títẹ́. Á yẹ ìhun rẹ̀ wò, á tún dùbúlẹ̀ lé e bí ẹni pé ilé ọkọ rẹ̀ ló wà. Bí kò bá sí àyè, kò sí ọjà.

Lọ́jọ́ kan, àwọn ṣọ́jà ní kí ọjà wa kúrò létí títì, kó bọ́ sí pápá tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Pápá yẹn! Lójú mi, òkun ni, àfi pé kò ní ìgbì. Mo rò pé a ó máa tẹ́ ẹní títí yóò fi rẹ̀ wá. N kò mọ̀ pé àwọn obìnrin ọjà lè jẹ pápá tán bí eéṣú.

Ìyálọ́jà wa, àgbà obìnrin Ègùn kan tí kì í pariwo, ló pín in. Bí àwọn ìyá rẹ̀ ti ń ṣe é náà ló ṣe é: ẹsẹ̀ méjìlá fún olúkúlùkù, gìgísẹ̀ kan ọmọ ìka, láì fo àyè. Ẹni tó ń jókòó ti ọjà ló gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ̀n ọ́n. Ọkọ kò gbọdọ̀ bá ìyàwó wọ̀n ọ́n.

Ara Màámi bù máṣọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ju ti ọmọdé lọ; méjìlá rẹ̀ kò ní gbà ju ẹní méjì. Ẹní fífẹ̀ tí wọ́n ń rà fún ìyàwó tuntun, èyí tó ń bọ́ wa gan-an, kò ní ríbi dùbúlẹ̀ sí. Ó bá tì mí síwájú.

“Ẹsẹ̀ ọmọ mi ni n óò lò, mà. Òun ló ń tajà tí mo bá lọ sí Ikoga.”

Ìyá Sẹ̀wànú, tó ń ta ìkòkò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, fò sókè. “Ẹ̀n-ẹ́n! Ẹ wá wo ọkọ̀ ojú omi lórí ilẹ̀! Ìyálọ́jà, ẹ má gbà o. Tó bá fi ẹsẹ̀ yẹn wọ̀n ọ́n, inú ọ̀sà ni èmi á ti máa ta ìkòkò.”

Gbogbo ọjà rẹ́rìn-ín. Ìyálọ́jà ní kí n tẹ́ ẹní ìyàwó kan, kí n tà á fún òun ká rí i. “Ó ti wọ́n jù,” ló fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀rù bà mí, àmọ́ ẹnu mi kì í bá mi bẹ̀rù. Mo kúnlẹ̀. “Ẹ kọ́kọ́ jókòó lé e ná, mà. Bí ìdí yín bá ti gbà á, ọwọ́ yín náà ò ní kọ̀ láti sanwó.”

Ó jókòó, ó na ẹsẹ̀. “Dín in kù fún mi, ọmọ mi.”

“Tí mo bá dín in kù, mà, ẹ ó sùn tán, ẹsẹ̀ yín á wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀.”

Ìyálọ́jà rẹ́rìn-ín débi pé gèlè rẹ̀ yẹ̀. “Oníṣòwò ni,” ó wí. “Ẹ jẹ́ kó wọ̀n ọ́n.”

Mo wọ̀n ọ́n. Iyanrìn gbóná, n kò sì gbọdọ̀ sáré. Ìyá Sẹ̀wànú bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn mi, ó ń wò bóyá mo fo àyè. Nígbà tí mo dé ìkejìlá tí mo bojú wẹ̀yìn, òkun yẹn ti ní ibi tó bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Ẹní mẹ́ta ló gbà, pẹ̀lú ibi tí Màámi ó jókòó sí. Màámi bu omi sí igbá, ó fọ ẹsẹ̀ mi lójú gbogbo ọjà, títí dé àárín ọmọ ìka.

Lónìí, mo ní ṣọ́ọ̀bù ní ọjà Agbalata. Téèpù ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Ọ̀gbẹ́ni tó fà á kò tilẹ̀ wo ojú mi, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé yóò bi mí bóyá mo mọ ọjà tà. Àwọn ọmọ mi ti ń wọ bàtà láti ìgbà tí wọ́n ti wà lẹ́yìn mi; ibi tí àwa ń fẹsẹ̀ rìn dé torin-torin, ọ̀kadà ni wọ́n ń gùn débẹ̀. Ẹsẹ̀ wọn rọ̀ bí àkàrà, n kò bá wọn jà. Láìpẹ́ yìí, èmi àti ọmọbìnrin mi kọjá ní pápá yẹn. Ó mà kéré o! Ilé mẹ́rin péré ti jẹ ẹ́ tán. Mo dúró, mo ń rẹ́rìn-ín. Ọmọ mi ní ilẹ̀ ta ni mo ń wò bẹ́ẹ̀.

Mo ní ilẹ̀ tí mo gbà fún ìyá mi ni.