Ọmọ Ibo Ni Yín?

Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni mo máa ń wọkọ̀ láti Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ lọ sí ọsibítù kan ní Ògbómọ̀ṣọ́. Lọ́yà ni mí. Àwọn aláìsàn tó wá láti ilẹ̀ òkèèrè, tí wọn ò lówó lọ́yà, ni mò ń bá ṣe ìwé ìgbélùú, ọ̀fẹ́ sì ni. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní orí mi ò pé. Ó lè má pé lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ tí oorun ń dùn mọ́ mi tó Ọjọ́bọ̀.

Lọ́dún tó kọjá, nọ́ọ̀sì kan mú mi lọ sọ́dọ̀ màmá kan tó wá láti Ṣábẹ̀ẹ́, lódìkejì bọ́dà. Oko ẹ̀gẹ́ ló ń bá wọn ro lọ́nà Ìrẹsà tí àdá fi ṣá a lẹ́sẹ̀, egbò náà sì ti ń jẹrà. Dókítà ní bí wọ́n bá tọ́jú rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, á jinná. Bí ìtọ́jú bá dúró lágbedeméjì, wọ́n á gé ẹsẹ̀ náà. Ọjọ́ sì ti kọjá lórí ìwé ìgbélùú rẹ̀. Bí kò bá rí òmíràn gbà, dandan ni kó padà sílé.

Mo mú fọ́ọ̀mù jáde. “Màmá, ọmọ ibo ni yín?”

“Ọmọ Ọ̀yọ́ ni mí.”

Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé iṣẹ́. Ó ki oríkì ilé wọn, èmi náà ki tiwa, mo ti ń pè é ní ọmọ ìyá mi. Mo gbà pé Ọ̀yọ́ ni wọ́n bí i sí kí wọ́n tó gbé e lọ sí Ṣábẹ̀ẹ́, mo sì kọ Ọ̀yọ́ síbi tí wọ́n ti béèrè ìlú tí wọ́n bí i sí. Èmi, odidi lọ́yà!

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀gá tó ń rí sí ìwé náà pè mí. Ṣábẹ̀ẹ́ ló wà lórí káàdì ìdánimọ̀ màmá. “Lọ́yà, ẹni yín purọ́. A ò lè fún un.”

Mo sáré padà sí wọ́ọ̀dù. “Màmá, ṣebí Ọ̀yọ́ lẹ sọ fún mi?”

Ó wò mí bíi pé mo gọ̀. “Ọmọ ibo ni mí lẹ bi mí. Ẹ ò bi mí níbi tí wọ́n bí mi sí. Bàbá ńlá àwọn bàbá mi ló ti Ọ̀yọ́ dé Ṣábẹ̀ẹ́.”

Mo gba ọ́fíìsì lọ. Mi ò ka òfin kankan fún ọ̀gá náà.

“Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ ibo ni yín?”

“Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́.”

“Níbo ni wọ́n bí yín sí?”

“Àbíjàn. Òwò ni bàbá mi ń ṣe…” Ó bú sẹ́rìn-ín. “Lọ́yà, ẹ̀yin lẹ jẹ̀bi.”

Mo ní mo jẹ̀bi. Ó ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ pé èmi ni mo ṣàṣìṣe, kí n sì buwọ́ lù ú. Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣe lọ́yà, mi ò tíì fi tayọ̀tayọ̀ jẹ̀bi báyẹn rí.

Nígbà tí ìwé dé, èmi fúnra mi ni mo gbé e lọ. Ẹran tuntun ti ń hù lójú egbò náà. Màmá ò mọ̀wé kà, ó ní kí n fi Ọ̀yọ́ han òun nínú ìwé náà. Mo ní kò sí níbẹ̀, Ṣábẹ̀ẹ́ nìkan ni wọ́n kọ.

“Kò burú,” ló wí. “Ẹsẹ̀ mi ṣáà ṣì wà. Tó bá ti jinná, ẹ mú mi dé Ọ̀yọ́ kí n rí i. Mi ò dé ibẹ̀ rí.”